Teslim Balógun kì í ṣe sójà

Ẹ̀yin ará, ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. 🧵

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú, mò ń lọ sí Oníkàn lọ wo Ìkòròdú City. Fún ẹni tí kò bá mọ̀: ikọ̀ àdúgbò wa wọ líìgì àgbà Nàìjíríà ní sáà 2024 sí 2025, Oníkàn ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n sì ti ń gbàlejò. Ìyẹn ni pé ọmọ Ìkòròdú tó bá fẹ́ wo ikọ̀ Ìkòròdú "nílé" gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi Ìkòròdú sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ọmọkùnrin kan jókòó tì mí. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Jẹ́sì ikọ̀ wa ló wọ̀, life jacket tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ sì tóbi débi pé ó bò ó dé àgbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ti sùn lọ. Ọmọ náà yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ta ni Mobólájí Johnson tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá yẹn?"

Mo ní gómìnà àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni, sójà ni, láti 1967 títí di 1975.

Ó ronú díẹ̀. "Teslim Balógun ti Sùúrùlérè wá ń kọ́? Sójà lòun náà?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ mo gbé e mì. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, ìbéèrè yẹn kò burú rárá. Balógun ni orúkọ ẹni náà. Ẹni tó ń ṣáájú ogun là ń pè ní balógun. Orúkọ sójà sì wà lára pápá tá à ń lọ gan-an. Ibo ni ọmọ máa ti mọ̀ pé èyí tó kù jẹ́ orúkọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù?

Mo ní rárá o, agbábọ́ọ̀lù ni, atamátàsé ni, Thunder ni wọ́n ń pè é. Ló bá tún ní, "Ó dáa ju Osimhen lọ?"

Àárín ọ̀sà la wà. Mi ò lè sá lọ síbì kankan.

Mo sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ fún un, ìwọ̀nba náà ò sì tó nǹkan: pé ó gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba láyé àtijọ́, pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ le bí àrá. Nígbà tí mo délé, ojú ara mi tì mí. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ẹni tó ń sọ ìtàn fún yín níbí! Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kà. Ohun tí mo rí nìyí, ọmọ yẹn ni mò ń dá lóhùn.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Tesilimi Ọláwálé Àyìndé Balógun. Èkó ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1927. Ó lọ sí ilé-ìwé St. Mary's ti àwọn Kátólíìkì ní Port Harcourt. Ẹ wò ó ná: ọmọ Èkó, orúkọ Mùsùlùmí, ilé-ìwé àwọn fadá, ìlú Port Harcourt. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé láyé àtijọ́ oníkálukú wà nínú ilé bàbá tirẹ̀, ẹ ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ Teslim.

Láyé ìgbà yẹn, kò sí pé èèyàn ń fi bọ́ọ̀lù nìkan jẹun ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ ló ni àwọn ikọ̀ tó lórúkọ: Rélùwéè, Marine, UAC, SCOA, Pan Bank. Bí o bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, ilé iṣẹ́ á gbà ọ́ síṣẹ́, o ó máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀, o ó máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn nírọ̀lẹ́. Teslim wọ jẹ́sì púpọ̀ nínú wọn. Ife tí gbogbo wọn ń lé ni Governor's Cup, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945, èyí tá a wá mọ̀ sí Challenge Cup. Ibi tí wọ́n sì ti máa ń gbá àṣekágbá rẹ̀ ni pápá King George V ní Oníkàn.

Bẹ́ẹ̀ ni o, Oníkàn kan náà. Pápá tí èmi àti ọmọ yẹn ń wọkọ̀ ojú omi lọ ni pápá tí Thunder ti di Thunder. Orúkọ ọba òyìnbó ló kọ́kọ́ jẹ́, nígbà tó yá ó di Oníkàn, láti 2019 ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Mobólájí Johnson. A ń jókòó síbẹ̀ jẹ gúgúrú, a ò mọ̀.

Ní ti orúkọ Thunder yẹn, bó ṣe ń yọ bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ló bí i. Bí ẹ bá jókòó ti àwọn bàbá wa, ẹ ó gbọ́ oríṣiríṣi: bọ́ọ̀lù ya àwọ̀n, bọ́ọ̀lù bẹ́, aṣọ́lé dákú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní ìtàn tirẹ̀, ọdọọdún ni ìtàn náà sì ń le sí i. Mi ò gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ìtàn ẹsẹ̀ yẹn ti pọ̀ débi tó fi bo orí mọ́lẹ̀. Ọkùnrin yìí ní orí. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí 1949. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ṣa agbábọ́ọ̀lù 18 jọ, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Apapa, wọ́n forí lé Ìlú Ọba. Teslim wà nínú wọn, ẹni ọdún 22 ni. Titus Okere wà níbẹ̀, Dan Anyiam wà níbẹ̀. Etim Henshaw ni balógun ikọ̀. (Ẹ rí i? Balógun wà nínú ikọ̀, àmọ́ òun kọ́ ni balógun. Ẹ má bínú, mi ò lè pa á mọ́ra.) Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni Jack Finch, òyìnbó kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham rí.

Ó sún mọ́ ọ̀sẹ̀ méjì lórí òkun kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Liverpool. Èmi tí mo máa ń ṣàròyé láti Èbúté dé CMS, tí ìgbì kékeré bá ti gbé ọkọ̀ wa báyìí, màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Ọlọ́run ní gbogbo èdè tí mo gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì!

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, wọ́n kojú ikọ̀ Marine ní Crosby, lẹ́bàá Liverpool, wọ́n sì fi 5-2 nà wọ́n. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi gbá a. Wọ́n di báńdéèjì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ sì wà lórí koríko lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń bá wọn dùn ún wọ bàtà tí wọ́n kan irin àti awọ líle mọ́ nídìí. Ẹ fojú inú wò ó.

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ ṣe é o. Ní ọdún kan ṣáájú, níbi Òlíńpíìkì London 1948, púpọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Íńdíà fi ẹsẹ̀ lásán kojú Faransé. 2-1 ni Faransé fi borí, àwọn ará Íńdíà sì gbá pẹnáritì méjì sọnù. Títí dòní, wọ́n ṣì ń sọ ìtàn ẹsẹ̀ yẹn bí ìtàn ìyanu, bí ẹni pé àwọn tó ni ẹsẹ̀ kò ní làákàyè, pé ńṣe ni wọ́n kàn ya wọ pápá láti inú igbó. Irú ojú yẹn náà ni wọ́n fi wo tiwa. Èmi ò rí ìyanu kankan níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ nílé ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn. 5-2 kì í ṣe àánú.

Lójú ọ̀nà àbọ̀, ọkọ̀ yà ní Sàró. Ní Freetown, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, wọ́n fi 2-0 borí ikọ̀ Sàró. Ìyẹn ni ìwé ìtàn kà sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn. Mo fẹ́ràn èyí gan-an: gbogbo ohun tí Super Eagles ti ṣe láti ìgbà náà, ìgbà tí wọ́n yà lọ́nà bí ẹni fẹ́ ra búrẹ́dì ló bẹ̀rẹ̀. Aṣọ pupa ni wọ́n tún ń wọ̀ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ewé àti idì kò tíì dé.

Ẹnì kan tó lọ bẹ́ẹ̀ tó sì bọ̀, ó lè padà wá jókòó, kó máa jẹ orúkọ. Teslim kò jókòó. Ní oṣù Kẹjọ 1955, ó padà sí Ìlú Ọba, lọ́tẹ̀ yìí láti wá fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹ. Peterborough United ló gbà á. George Swindin, tó ti jẹ́ aṣọ́lé Arsenal rí, ló ń darí ikọ̀ náà. Peterborough kò tíì wọ líìgì ńlá nígbà yẹn, àmọ́ wọ́n le: ọdún márùn-ún léraléra ni wọ́n gba ife líìgì tiwọn kí wọ́n tó gbà wọ́n sókè ní 1960.

Ní 1956, ó bọ́ sí Queens Park Rangers ní London, ní ìpele kẹta. Níbẹ̀ ló ti di ẹni tí wọ́n kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 13, góòlù mẹ́ta. Wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́yìn sáà kan, ó bọ́ sí Holbeach United, ikọ̀ kékeré kan ní ìgbèríko.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. "Góòlù mẹ́ta? Mẹ́ta náà lẹ fi sọ pápá lórúkọ?" Ẹ gbọ́ ná.

Ẹni ọdún 28 ni nígbà tó débẹ̀. Atamátàsé tó ti pé 28 lónìí, àwọn ikọ̀ ti ń ṣiyèméjì kí wọ́n tó ra á, kí á tó wá sọ ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, nínú òtútù, nínú ẹrẹ̀, nínú bàtà tó le. Kò sí ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ kankan tó ti rin ọ̀nà náà dé ibi tó dé, tó lè sọ fún un pé, "Àbúrò, bí wọ́n bá ṣe báyìí sí ẹ, báyìí ni kó o ṣe." Kì í sì í ṣe owó ńlá ló ń wá lọ o. Láyé yẹn, òfin wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ iye tí agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ gbà kọjá lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tó ga jù, pọ́n-ùn 20 ni, wọn kò sì pa òfin náà rẹ́ títí di 1961.

Kí ló wá rí mú bọ̀? Ibi tí mo ti ní mò ń bọ̀ nìyí.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, Teslim lọ kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àkọsílẹ̀ pè é ní ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ o. Ará Áfíríkà àkọ́kọ́. Èyí gan-an ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa rẹ̀, gbólóhùn kan péré, lẹ́yìn ìtàn bọ́ọ̀lù tó ń ya àwọ̀n.

Lójú tèmi, èyí le ju góòlù lọ. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ẹsẹ̀ kì í sábà mọ bó ṣe ń ṣe é. Ẹ sọ fún àwọn màmá wa tó mọ ọbẹ̀ sè pé kí wọ́n kọ iye iyọ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní "kó o sáà fi síi títí tó fi máa tó." Bẹ́ẹ̀ náà ni atamátàsé. Àmọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá gbọ́dọ̀ lè tú u palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kóòṣì kan máa ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lórí iyanrìn nítòsí Èbúté nírọ̀lẹ́, mo dúró wò ó lọ́jọ́ kan. Odidi wákàtí kan, kò sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù rárá. Ẹsẹ̀ kejì ló ń bá wọn fà, ẹsẹ̀ tó dúró nílẹ̀. "Ibi tó kọjú sí ni bọ́ọ̀lù ń lọ! Ẹ wo ìka ẹsẹ̀ yín!" Mo ti ń wo bọ́ọ̀lù láti kékeré, mi ò wo ẹsẹ̀ yẹn rí.

Ọkùnrin tí gbogbo ayé ń pè ní Àrá wá jókòó bí ọmọ iléèwé, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú àrá palẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìyẹn ni mo ní ó ní orí.

Ó wá padà wálé. Kí la fi iṣẹ́ tó kọ́ náà ṣe?

Ó kọ́ àwọn ọmọ wa. Ó wà lára àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ sí Òlíńpíìkì Mexico ní 1968. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nílé nígbà yẹn, àmọ́ ikọ̀ lọ. Jàpáànù na wọ́n 3-1, atamátàsé wọn Kamamoto nìkan ló gbá gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Spain na wọ́n 3-0. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kojú Brazil, wọ́n sì gbá 3-3. Brazil! Èmi ò mọ ìdí tí wọn kò fi ń kọ́ wa ní ìyẹn níléèwé.

Àmọ́ ẹ wo orúkọ àwọn tí Nàìjíríà ń fa ìjánu ikọ̀ àgbà lé lọ́wọ́ láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Les Courtier, ará Gẹ̀ẹ́sì. Moshe Beit Halevi láti Ísírẹ́lì. George Vardar àti József Ember láti Hungary. Sabino Barinaga láti Spain. Karl-Heinz Marotzke láti Jámánì. Àárín wọn, Dan Anyiam tó bá Teslim wọ ọkọ̀ Apapa dì í mú fún ìgbà díẹ̀, Peter Amaechina náà dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹni ń bá ẹnì kan tọ́jú àga títí onílé fi máa dé. Kì í kúkú ṣe pé àwọn òyìnbó náà kò mọṣẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé a rán ọmọ wa lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yẹn, ó kọ́ ọ, ó gba ìwé, ó bọ̀, a sì tún padà síbẹ̀ lọ háyà ẹlòmíràn.

Mo ka ìtàn ọkùnrin ará Íńdíà kan tó jọ tiwa, P. K. Banerjee. Atamátàsé lòun náà, òun ló ṣáájú ikọ̀ Íńdíà lọ sí Òlíńpíìkì Rome ní 1960, ó sì bá wọn gba góòlù níbi eré Éṣíà 1962 ní Jakarta. Nígbà tó fi bàtà kọ́, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó darí East Bengal, ó darí Mohun Bagan, àwọn ikọ̀ méjì tó ń bára wọn jà bí ológbò àti eku ní Kolkata, wọ́n sì fa ikọ̀ orílẹ̀-èdè lé e lọ́wọ́. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni ọdún 83 ni nígbà tó kú ní 2020. Àwọn tó kọ́ kọ́ àwọn mìíràn. Kò sẹ́ni tó máa bi ara rẹ̀ ní Kolkata bóyá sójà ni.

Teslim kò rí ọdún yẹn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1972, ó kú. Ẹni ọdún 45 ni.

Ọdún 1972 náà ni wọ́n kọ́ National Stadium parí ní Sùúrùlérè. Ní oṣù Kìíní 1973, wọ́n ṣe eré gbogbo Áfíríkà níbẹ̀, Nàìjíríà fi 2-0 na Guinea ní àṣekágbá, a gba góòlù bọ́ọ̀lù. Oṣù mẹ́fà péré ni kò fi rí i. Jorge Penna, ará Brazil, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Ọdún 1980, a gba ife Áfíríkà fúngbà àkọ́kọ́, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ọ̀kan, Algeria ò rí nǹkan kan gbá. Otto Glória, Brazil. 1994, Westerhof, Netherlands. Ní 1984, wọ́n fún Bàbá Adégbóyè Onígbìndé ní àyè, ó gbé wọn dé àṣekágbá ní Abidjan kí Cameroon tó fi 3-1 borí. Ó di 2013, ní South Africa, kí ọmọ Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Stephen Keshi. Ọdún 41 lẹ́yìn tí Teslim kú.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé 17, Nàìjíríà ti gba á ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. 1985, Sebastian Brodricks. 1993, Fanny Amun. 2007, Yẹmí Tella. 2013, Manu Garba. 2015, Emmanuel Amuneke. Ẹ bá mi wá òyìnbó kan nínú wọn. Kò sí! Ìgbà tó jẹ́ pé ọmọdé ni, owó ò tó nǹkan, kámẹ́rà ò pọ̀, a gbà pé àwọn tiwa mọṣẹ́. Bí ọmọ bá ti dàgbà, owó ti dé, wọ́n á ní ká lọ wá "ẹni tó mọ̀ ọ́n." Ọ̀gbẹ́ni Tella, àìsàn jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀ nígbà tó gba ife yẹn ní Kòríà. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tó fi kú.

Samson Siasia náà ńkọ́? Èkó ni wọ́n ti bí i, atamátàsé lòun náà, òun ló gbá góòlù wa wọlé Argentina ní ife àgbáyé 1994. Ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó gba fàdákà Òlíńpíìkì ní Beijing 2008. Nígbà tó fi máa di Rio 2016, owó ọkọ̀ òfúrufú ikọ̀ rẹ̀ di wàhálà ní Amẹ́ríkà, wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó wọ pápá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí Brazil. Jàpáànù ni wọ́n kojú, Jàpáànù kan náà tó na ikọ̀ Teslim ní Mexico. Wọ́n fi 5-4 borí, wọ́n sì gbé bàbà wálé. Ìtàn Siasia ní ibi tó dùn, ó ní ibi tó korò gan-an, ọ̀tọ̀ ni thread tirẹ̀. Mo kàn ní kí ẹ rí i pé ọ̀nà tí Teslim là kò hu koríko, àwọn èèyàn ń rìn ín. Àwa la ò gbá a mọ́.

Ó kù pápá. Ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá ìṣeré ní ìdojúkọ National Stadium ní Sùúrùlérè. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n kọ́ ọ, sójà lọ, olóṣèlú dé, sójà tún dé, olóṣèlú tún dé. 2007 ni wọ́n parí rẹ̀. Ọdún 23!  Ó ń gba èèyàn tó lé ní 24,000, orúkọ Teslim sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá torí ọ̀rọ̀ yìí. Mo dúró níwájú ẹnu ọ̀nà. Mo bi èèyàn mẹ́ta tó ń tajà nítòsí bóyá wọ́n mọ ẹni náà. Ẹni àkọ́kọ́ ní olówó kan ni. Ẹnì kejì, bàbá kan tó ń ta omi inú ọ̀rá, ní "Thunder! Bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń ya àwọ̀n!" Inú mi dùn, mo bi í pé ṣé ó mọ̀ pé ó ṣe kóòṣì. Ó ní, "Kóòṣì kẹ̀? Rárá o, agbábọ́ọ̀lù ni." Ẹnì kẹta ní kí n ra nǹkan kí n tó béèrè ọ̀rọ̀. Mo ra gààrí àti ẹ̀pà, kò tún dáhùn.

Lọ́jọ́ tí èmi àti ọmọ yẹn pàdé, a dé Oníkàn, ó bá ìyá rẹ̀ lọ, èmi náà wá ibì kan jókòó sí. Mi ò ráyè wo bọ́ọ̀lù tó bẹ́ẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ni mò ń wò, ó dúró sẹ́bàá ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń na ọwọ́, ó ń pariwo mọ́ ẹnì kan pé kó sún sẹ́yìn, kó sún sẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkùnrin kan ń bú u láti ìṣẹ́jú kẹwàá pé kò mọ nǹkan kan.

Mi ò gba nọ́ńbà ìyá ọmọ náà, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá wà ní Èbúté, Ìpàkòdó, Ìbẹ̀ṣe, gbogbo ibẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá rí ọmọkùnrin kan tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí hàn án. Ẹ sọ fún un pé Teslim Balógun kì í ṣe sójà, agbábọ́ọ̀lù ni, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, àti pé Oníkàn tó ti ń wo Ìkòròdú City ni ọkùnrin náà ti gbá bọ́ọ̀lù.

Ní ti Osimhen, ẹ sọ fún un pé Àǹtí ṣì ń ronú.